Ọjọ́ Tí Oòrùn Kàn Àtàrí ní Ẹ̀pẹ́: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì Kan

Ní nǹkan bí ọjọ́ 6 oṣù kẹrin lọ́dọọdún, oòrùn máa ń gba àtàrí Ẹ̀pẹ́ kọjá gan-an. Ìlú wa wà ní nǹkan bí dìgírì 6.6 sí àríwá agbedeméjì ayé. Bí oòrùn ṣe ń ti gúúsù bọ̀ lọ sí àríwá, tó bá ti dé ìlà yẹn, igi tó bá dúró ṣánṣán kò ní ní òjìji lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Yóò tún ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án nígbà tí oòrùn bá ń padà. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níbí, ẹni tí mo sì kọ́kọ́ rí tó mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé wá sí gbangba ni ọmọbìnrin kan tó jáde nílé-ìwé wa, tó ń ka físíìsì ní yunifásítì báyìí. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Físíìsì, orúkọ yẹn náà ni n ó máa pè é.

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi lóde òní kò bọ́ lọ́wọ́ nǹkan mẹ́rin: yóò ṣe ìwádìí, yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà, yóò kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì mú sáyẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti máa ń rí i kí wọ́n ṣe é. Ìwádìí wà ní yunifásítì, kóòdù wà lórí fóònù lóru, kíkọ́ni wà fún owó lẹ́sìn, ti ará ìlú sì di ọjọ́ tí àyè bá yọ. Ọmọ yìí gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé orí ọ̀pá kan ṣoṣo. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, kí olùkọ́ mìíràn lè rí i kà, kó sì gbé e ṣe níbi tó wà.

Ìsinmi ti wọlé nígbà tó wá bá mi nílé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ tọrọ ọjọ́ kan lára lẹ́sìn WAEC yín. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn ayé." Mo bi í pé kí ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Ó ní ọ̀pá irin kan ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀pá kan ní Birnin Kebbi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣe agùnbánirọ̀ lọ́hùn-ún. Birnin Kebbi jìnnà o, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òkè Ẹ̀pẹ́ tààrà: dìgírì 4.2 ni ìlà òòró tirẹ̀, ìyẹn ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù lórí máàpù, tiwa jẹ́ nǹkan bíi 4.0. Ó yan ibẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀, àti nítorí pé ojú ọ̀run ibẹ̀ máa ń mọ́ lásìkò tí òjò bá ti ń dún lọ́dọ̀ tiwa.

Bí ó ṣe múra ọ̀pá náà wù mí púpọ̀. Mítà kan géérégé ló ní kí wẹ́dà gé e sí, ó sì jó o mọ́ irin pẹlẹbẹ kí ó lè dá dúró. Kí ọ̀pá má bàa tẹ̀, ó mú okùn àwọ̀n, ó so òjé mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn apẹja wa ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kó lè rì. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ó ń fi pépà kéékèèké ti ìdí irin títí tí okùn àti ọ̀pá fi bára mu lọ́tùn-ún, lósì, níwájú àti lẹ́yìn. Ó bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ kan, ó gbé e ka orí pátákó láti mọ̀ bóyá ó dagun. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà róbótó mẹ́ta yí ìdí ọ̀pá ká: ọ̀kan jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 5, ọ̀kan ní 10, ọ̀kan ní 15. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni ìlà wọ̀nyẹn wà fún. Àwọn ló gbà wá lọ́jọ́ náà.

Ó ti kọ ètò kan lórí fóònù rẹ̀ ní Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá fún un ní ibi tó wà àti ọjọ́ tí a wà, yóò sọ ìṣẹ́jú tí oòrùn máa ga jù. Ó kọ èsì ti Ẹ̀pẹ́ sínú pépà, ó ká a, ó ní kí n fi sínú báàgì mi, kí n má ṣe fi han ẹnikẹ́ni. Ó ní bí àwọn ọmọ bá ti gbọ́ èsì ṣáájú, èsì yẹn ni wọn yóò máa wá, wọn kò ní wo òjìji mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu yẹn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìwé láàbù tí èsì rẹ̀ bá ti ìwé mu jù, tí a sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó wọn ohunkóhun.

Lọ́jọ́ náà, kí aago 12 tó lù, gbogbo wa ti wà ní pápá. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn pé ilẹ̀ ni kí wọ́n máa wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbójú sókè wo oòrùn. Ó pín iṣẹ́: ẹni tó ń wo aago fóònù, ẹni tó ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí orí òjìji, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní aago 12, òjìji ọ̀pá náà jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20.

Ọmọkùnrin kan nínú wọn ní, "Àǹtí, aago méjìlá ti lù, òjìji ṣì wà."

"Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ."

Ìgbà náà ni WhatsApp dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi ti Birnin Kebbi ránṣẹ́: ọ̀pá mítà kan, aago 12, sẹ̀ǹtímítà 22. A ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ohun tó sì ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yìí kò lè dúró. Ó ti gbọ́ nípa Eratosthenes ní kíláàsì, ọmọ Gíríìkì tó ń ṣe olórí ilé ìkówèésí Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí 240 ṣáájú ìbí Kristi. Ọkùnrin yẹn gbọ́ pé ní Syene, tí à ń pè ní Aswan lónìí, oòrùn máa ń tàn dé ìsàlẹ̀ kànga lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún. Ó wọn òjìji ní Alẹkisáńdíríà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, igun tó rí jẹ́ ìdá 50 òbìrí. Ó wá fi 50 sọ iye ibùsọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì di púpọ̀, ó sì ti wọn ayé. Ọmọ wa ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 22. Igun rẹ̀ lé ní dìgírì 12. Kìlómítà tó wà láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Birnin Kebbi, tí a bá fa okùn tààrà, jẹ́ nǹkan bíi 650. Ó pa á pọ̀, ó rí nǹkan bíi 19,000 kìlómítà fún àyíká ayé.

"Àǹtí, ayé ò kéré tó báyìí!"

Kò tún un ṣe fún un. Ó ní kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, a ó padà síbẹ̀.

Ní 12:12 òjìji kan ìlà 15. Ní 12:23 ó kan ìlà 10. Ó ń sún mọ́ ìdí ọ̀pá, àwọn ọmọ sì ti ń rọ́ lu ara wọn láti rí i bó ṣe máa pòórá. Àfi bí ìkùukùu ṣe gòkè láti apá ọ̀sà. Kí ó tó di aago 12:30, gbogbo pápá ti ṣú, òjìji ti lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú lílọ tí à ń retí. Ẹ bá wo ojú àwọn ọmọ. Ìgbà oṣù kẹrin kọ́ lèyí? Òjò ń wá ojú ilẹ̀.

Nígbà tí a jókòó tí à ń wo òkè ni Ààfáà àgbà kan wọlé láti mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú ilé-ìwé. Ariwo àwọn ọmọ ló mú un wá. Àǹtí Físíìsì kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un.

"Kí lẹ ń wá nínú oòrùn, ọmọ mi?"

"Bàbá, ìgbà tí oòrùn máa kàn àtàrí là ń wá."

"Ẹ ti wá bẹ̀rẹ̀ láti aago méjìlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ààfáà mi orí. Ó ní, "Aago méjìlá kọ́ ni oòrùn ń dé àtàrí l'Ẹ̀pẹ́. Tó bá jẹ́ aago méjìlá ni, à bá ti máa kí ìrun ọ̀sán kí àkókò rẹ̀ tó wọlé."

Àwọn ọmọ dákẹ́. Bàbá wá ṣàlàyé pé ìgbà tí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí ni ìrun ọ̀sán ń wọlé. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé nílé kéwú, igi ni wọ́n máa ń rì sílẹ̀: òjìji yóò máa kúrú, yóò dúró, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, àkókò ti tó. Bí òjìji bá wá gùn tó igi fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tó kù lọ́sàn-án, Àlàásárì ti wọlé nìyẹn. Ó mú ìka tọ́ ìlà róbótó tó wà lórí pátákó. "Èyí tẹ́ ẹ yà sílẹ̀ yìí náà dára. Ibi tó bá gbà wọlé, ẹ ṣọ́ ibi tó máa gbà jáde."

Àǹtí Físíìsì fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ya igi àti òjìji sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ SS2, wọ́n sì dà á kọ. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibí yìí ló dára jù lójú mi. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mú sáyẹ́ǹsì lọ bá ará ìlú máa ń lọ bí ẹni gbé ẹrù lọ fún aláìní. Ọmọ yìí rí i lójú ẹsẹ̀ pé àgbàlagbà tó jókòó yìí ti fi òjìji wọn àkókò kí wọ́n tó bí òun, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó lè sọ ọ́.

Lẹ́yìn aago 1, oòrùn là. Ní 1:10 òjìji padà kan ìlà 10, lọ́nà ìlà-oòrùn báyìí. Ní 1:19 ó kan ìlà 15. Ó ní kí wọ́n wá ìdajì. Láti 12:23 sí 1:10 jẹ́ ìṣẹ́jú 47, ìdajì rẹ̀ bọ́ sí 12:46 àti ààbọ̀. Láti 12:12 sí 1:19 jẹ́ ìṣẹ́jú 67, ìdajì rẹ̀ bọ́ sí 12:45 àti ààbọ̀. Ó ní kí n mú pépà jáde. Mo tú u: 12:46. Ìkùukùu ti bo ìṣẹ́jú yẹn gan-an, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rí i, síbẹ̀ àwọn ọmọ ti mú un. Ariwo tí wọ́n pa, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní kíláàsì físíìsì.

"Ìyẹn ni pé aago ń parọ́?"

Ó ní aago kò parọ́, àwa la jọ ṣe àdéhùn. Ilẹ̀ ayé ń yí dìgírì 15 ní wákàtí kan, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́rin fún dìgírì kan. Aago tí Nàìjíríà ń lò láti 1919 gùn lé ìlà òòró dìgírì 15, ìlà yẹn kò sì gba ilẹ̀ wa kọjá rárá, ìlà-oòrùn wa ló wà. Ẹ̀pẹ́ fi dìgírì 11 wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi mẹ́rin sọ 11 di púpọ̀, 44 ni. Ìṣẹ́jú méjì tó kù wá láti inú ìrìn ayé fúnra rẹ̀: ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká kò rí róbótó dáadáa, ayé sì tún dagun. Nítorí náà oòrùn máa ń ṣáájú aago tàbí kó rẹ̀yìn sí i bí oṣù ṣe ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ṣáájú. Ní àárín oṣù kejì ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 rẹ̀yìn. Ààfáà ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kàléńdà mọ́ṣáláṣí fi ń yí láti oṣù dé oṣù." Àwọn ọmọ lọ wo kàléńdà náà lára ògiri, wọ́n bá àkókò ìrun ọ̀sán tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe sọ.

A wá kan Birnin Kebbi. Ojú ọ̀run ibẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́, èyí tó kúrú jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 àti ààbọ̀, ní 12:45. Ó ní kí àwọn tó ní fóònù kọ kóòdù kékeré kan láti wá igun rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́, ohun tó jáde ni 0.1046. Ẹnu yà wọ́n. Igun wo ló jẹ́ 0.1046? Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ṣùgbọ́n òjìji wa náà jẹ́ 0.105 mítà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà." Àǹtí Físíìsì yọ̀ mọ́ ọn. Python kì í fi dìgírì dáhùn bí èèyàn kò bá bèèrè fún un, rédíánì, òṣùwọ̀n igun mìíràn, ló fi ń ka igun. Bí igun bá sì kéré, iye rẹ̀ ní rédíánì kò ní jìnnà sí òjìji tí a pín fún gíga ọ̀pá. Ọmọ yẹn ti ṣàwárí rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n fi math.degrees, àṣẹ tó ń sọ rédíánì di dìgírì, sí i, ó di dìgírì 6. Mẹ́fà nínú 360 jẹ́ ìdá 60. Ẹ fi 60 sọ 650 di púpọ̀: 39,000 kìlómítà. Èyí tí àwọn onímọ̀ wọ̀n, tí a bá gba orí pólù yí ayé ká, lé díẹ̀ ní 40,000.

Wọ́n padà sídìí 19,000 tó wà lójú pátákó. Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣàlàyé rẹ̀ fúnra rẹ̀: òjìji aago 12 kì í ṣe ti àríwá nìkan, oòrùn ṣì wà lápá ìlà-oòrùn, nítorí náà òjìji ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, igun ti tóbi jù, ayé sì ti kéré jù. Kò sí ẹni tó ní láti máàkì rẹ̀ sí òdì.

Ohun méjì wà nínú iṣẹ́ yìí tí ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé e ṣe mọ̀. Àkọ́kọ́, orí òjìji kì í dá ṣáká. Oòrùn kì í ṣe àmì kan lójú ọ̀run, ó fẹ̀ tó ìdajì dìgírì. Nítorí náà etí òjìji ọ̀pá mítà kan máa ń rí wúruwùru bíi mìlímítà 9, èèyàn méjì sì lè sàmì sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ nìkan ti tó láti sọ 40,000 di 39,000. Ó ní kí wọ́n máa sàmì sí àárín ibi tó ń ṣá, kí ẹnì kan náà sì máa sàmì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí Google Maps ni wọ́n ti mú 650 kìlómítà, máàpù yẹn sì ti mọ bí ayé ṣe tóbi kí ó tó lè sọ ọ́. Ọ̀nà mọ́tò kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ó yí gan-an. Nínú ìwádìí, àléébù gidi nìyí, ó sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ láìfi bò. Mo tún fẹ́ sọ pé kóòdù yẹn kánjú jù. Ọmọ tí kò ní fóònù kàn ń wo èjìká ẹlòmíràn ni. Ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ kí ó ní.

Lọ́jọ́ kejì ó kó wọn lọ sí ọjà ẹja Olúwo. Oòrùn kì í yára kúrò lórí wa, láàárín ọjọ́ kan kò sún ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá dìgírì lọ, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀ yẹn lára òjìji. Lọ́jọ́ yìí, ojú ọ̀run mọ́. Ní 12:46 òjìji ọ̀pá ti kó wọ ìdí ara rẹ̀, àwọn ìyá ẹlẹ́ja sì dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá ohun tó ń jẹ́ kí yìnyín òun máa yára yọ́ nìyẹn. Ó dá a lóhùn pé ó wà lára rẹ̀: bí oòrùn bá dúró lókè tààrà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í tàn káàkiri ilẹ̀, ojú kan ló ń rọ́ lù. Ó wá mú ọ̀rọ̀ Ààfáà jáde. Ní ìgbà Àlàásárì, tó bọ́ sí nǹkan bí aago 3:46 lásìkò náà, òjìji gùn tó ohun tó ni ín. Agbòòrùn tó bá ga ní mítà méjì, ibi tí òjìji rẹ̀ máa wà ti fi mítà méjì kúrò ní ìdí rẹ̀, sí ìhà ìlà-oòrùn. Abọ́ ẹja tó bá ṣì wà nídìí agbòòrùn nígbà náà, inú oòrùn ló wà. Ìyá náà ní òun ti ń gbé abọ́ òun kiri tipẹ́, àmọ́ òun kò mọ̀ pé èèyàn lè mọ ibẹ̀ ṣáájú kí oòrùn tó dé e.

Oṣù kẹsàn-án ló kù. Ó fẹ́ kí ọ̀pá wà ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì lọ́jọ́ kan náà. Àgbádárìgì fi dìgírì kan àti díẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, nítorí náà ọ̀sán wọn máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ tẹ̀lé tiwa. Ètò rẹ̀ sọ pé yóò jẹ́ 12:43 ní Ẹ̀pẹ́, 12:45 ní Ìkòròdú, 12:47 ní Àgbádárìgì. Òjò ṣì máa wà, ṣùgbọ́n àwọn ìlà róbótó ti wà pẹ̀lú, ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e náà sì ṣeé lò. Ó ń tún kóòdù náà kọ báyìí kí ó lè gba òjìji tí ìkùukùu gé láàárín. Olùkọ́ tó bá wà ní ìlú méjì yẹn, ọ̀pá mítà kan, okùn àti òjé ti tó. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti aago 12, kí wọ́n má sì kó irinṣẹ́ wọlé títí di aago 1:30.